Aràn inú ajá: ẹ kọ́kọ́ wo ibi tó ń sùn kí ẹ tó ra oògùn

Kò sí ọ̀sẹ̀ kan tí ẹnì kan ò ní pè mí pé ẹ̀gbọ́n, oògùn aràn wo ni kí n rà fún ajá mi, ìbéèrè lèmi náà sì máa fi ń dá wọn lóhùn. Níbo ló ń sùn? Ibo ló ń yàgbẹ́ sí, ta ló ń kó o, ọjọ́ mélòó ló ń lò nílẹ̀ kí wọ́n tó kó o? Kí ló ń jẹ, ṣé oúnjẹ tí ẹ bá gbé fún un nìkan ni àbí ó ń jáde lọ wá tiẹ̀ kún un? Àwọn kan máa ń rò pé mo fẹ́ yẹ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ ni. Rárá o. Ajá tí wọ́n so mọ́ ìdí máńgòrò n'Igbogbo àti èyí tó ń sùn lórí táìsì pálọ̀ n'Ogolonto, ní Ìkòròdú wa níbí, aràn wọn ò lè rí bákan náà, torí náà oògùn wọn àti iye ìgbà tí wọ́n máa lò ó lọ́dún ò lè jẹ́ bákan náà.

Ọ̀nà tí mo gbà mọ èyí ò dùn rárá. Ìgbà tí Tanímọ̀la, abo ajá mi, kọ́kọ́ bímọ, méje ló bí, inú òjò oṣù kẹfà ni, ẹ̀yìnkùlé níbi tí iyanrìn ti tutù rinrin ni mo kọ́ ilé ẹ̀ sí. Ẹni tó tà á fún mi ti sọ pé ọmọ ajá ò gbọ́dọ̀ fẹnu kan oògùn aràn títí á fi pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, mo sì gbà á gbọ́ torí ó ti pẹ́ nídìí ẹ̀ jù mí lọ. Ìgbà tó máa di ọjọ́ 17, àwọn ọmọ yìí ò sùn mọ́, wọ́n kàn ń ké tín-ín-tín ni, wọ́n á mu ọyàn tán wọ́n á tún ké. Mo gbé ọ̀kan, mo fi àtàǹpàkò ká ètè ẹ̀ sókè kí n lè rí erìgì ẹ̀, erìgì yẹn funfun bí ẹfun. Kì í ṣe pé ó pupa díẹ̀ o, funfun ni. Ìgbẹ́ tó wà lára aṣọ tí mo tẹ́ fún wọn dúdú kirikiri, ó ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́ bí ọ̀dà tí wọ́n ń dà sí títì. Kí ilẹ̀ tó mọ́ méjì ti kú, mẹ́rin ni mo sin lọ́sẹ̀ yẹn. Dókítà ẹranko tó bá mi gba ẹ̀mí mẹ́ta tó kù là ló jókòó tì mí tó ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀, àlàyé yẹn ni mò ń ṣe fún yín báyìí, pẹ̀lú ohun tí mo ti fojú ara mi rí láti ìgbà náà.

Hookworm, èyí tó ń mu ẹ̀jẹ̀

Hookworm ló pa àwọn ọmọ yẹn. Kò gùn ju sẹ̀ǹtímítà kan sí méjì lọ, ó tín-ín-rín bí òwú ìránṣọ, ẹ ò ní tètè fojú rí i nínú ìgbẹ́. Eyín ló ní lẹ́nu tó fi ń di ara ìfun mú, á máa fa ẹ̀jẹ̀, tó bá ṣí kúrò lójú kan lọ sí òmíràn, ojú ti tẹ́lẹ̀ á ṣì máa ṣẹ̀jẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tó ti gba inú ìfun kọjá yẹn ló ń sọ ìgbẹ́ di dúdú.

Ọ̀nà tó ń gbà wọlé ló yẹ kẹ́ ẹ fi sọ́kàn. Ajá tó bá fi ẹnu kan ilẹ̀ tàbí tó lá ẹsẹ̀ ara ẹ̀ lè gbé e mì. Ó tún lè gba awọ ara wọlé, látara àtẹ́lẹsẹ̀ tàbí ikùn tó ń fi sùn lórí iyanrìn tútù. Ìkẹta ni ọmú ìyá, òun ló ṣe mí ní jàǹbá. Lára ìyá ajá, ọmọ hookworm máa ń sá pamọ́ sínú ẹran ara ẹ̀, á sùn síbẹ̀, oògùn tí a ń fún un lẹ́nu kì í fi bẹ́ẹ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń sùn yìí. Ìgbà tó bá bímọ tán tó ń fún wọn lọ́mú, wọ́n á jí, wọ́n á bá wàrà jáde. Ìyá náà lè máa dán gbinrin, kí wọ́n yẹ ìgbẹ́ ẹ̀ wò ní láàbù kí wọ́n má rí nǹkan kan, síbẹ̀ kó kó o fún àwọn ọmọ.

Èyí tó tún burú jù ni pé aràn yìí á ti máa mu ẹ̀jẹ̀ ọmọ ajá kó tó dàgbà débi tó máa yé ẹyin. Ẹyin sì ni wọ́n ń wá ní láàbù. Ẹ gbé ìgbẹ́ ọmọ ajá ọ̀sẹ̀ méjì lọ, wọ́n lè ní kò sí nǹkan níbẹ̀, kó sì jẹ́ pé ọmọ yẹn ti ń kú lọ. Ìdí nìyẹn tí oògùn fi máa ń bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì láìdúró de àyẹ̀wò: ọ̀sẹ̀ 2, ọ̀sẹ̀ 4, ọ̀sẹ̀ 6, ọ̀sẹ̀ 8, lẹ́yìn náà lóṣooṣù títí á fi pé oṣù mẹ́fà. Ọjọ́ tí àwọn ọmọ bá lò ó ni kí ìyá wọn náà lò ó. Ẹni tó bá sọ fún yín pé kẹ́ ẹ dúró di ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má gbọ́ tiẹ̀, mo ti sanwó ìmọ̀ràn yẹn.

Àwọn yòókù

Roundworm lẹ ti rí rí, òun ni èyí tó funfun tó gùn gbọọrọ bíi sìpàgẹ́tì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sè, ọmọ ajá máa ń bì í nígbà míì tàbí kó bá ìgbẹ́ jáde. Tiẹ̀ kì í dúró de ọmú, inú oyún ló ti ń wọ ara ọmọ, torí náà ọmọ ajá tí wọ́n bí sórí táìsì tó mọ́ tónítóní náà lè ní in. Ikùn á yọ roboto, egungun ìhà á sì hàn, àwọn ará ilé á ní ó ti ń sanra. Abo ẹ̀ kan ṣoṣo lè yé ẹyin tó 100,000 lóòjọ́, èèpo ẹyin yẹn le, ó lè wà nínú ilẹ̀ fún ọdún púpọ̀ láìbàjẹ́.

Whipworm ò wọ́pọ̀ lára ọmọ kéékèèké, ajá tó ti dàgbà tó ti pẹ́ lójú kan ló ń mú. Ìfun ńlá ló ń gbé. Ẹ máa rí ìgbẹ́ tó dáa níbẹ̀rẹ̀ tó wá ní ikun àti ẹ̀jẹ̀ pupa lópin, ó lè ṣe bẹ́ẹ̀ lónìí kó dáwọ́ dúró lọ́la. Láti ìgbà tí ajá bá gbé ẹyin ẹ̀ mì, ó máa ń tó nǹkan bí oṣù mẹ́ta kó tó hàn nínú àyẹ̀wò, torí náà ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ò tó láti fi sọ pé kò sí.

Tapeworm ni ti hóró ìrẹsì. Ẹ máa rí i tó lẹ̀ mọ́ irun ìdí ajá tàbí lórí ibi tó sùn, tó bá ṣì tutù ó máa ń mira, tó bá gbẹ ó máa ń dà bí hóró ẹ̀gúsí kéékèèké. Èyí tó wọ́pọ̀ jù kì í gba ilẹ̀ wọlé rárá, ara flea ló wà, kòkòrò dúdú kékeré tó ń fò nínú irun ajá (kì í ṣe eégbọn o, eégbọn kì í fò). Ajá á máa fi eyín ṣá ara ẹ̀, á gbé flea mì, aràn dé nìyẹn. Ẹ lè fún un lóògùn tapeworm lónìí, tí flea bá ṣì wà lára ẹ̀, láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ẹ tún máa rí hóró ìrẹsì. Tapeworm mìíràn wà tó jẹ́ inú ẹran tútù ló ń gbé, mo ń bọ̀ lórí ìyẹn.

Àwọn méjì kan tún wà tí wọn kì í ṣe aràn, tójú lásán ò lè rí wọn, Giardia àti coccidia. Ibi tí ajá bá ti pọ̀ tí omi mímu wọn ò mọ́ lẹ ti máa bá wọn. Ìgbẹ́ á rọ̀, á máa rùn burúkú, oògùn aràn tí gbogbo èèyàn ń rà ò sì ní ran coccidia rárá, oògùn tiẹ̀ yàtọ̀. Tí ọmọ ajá bá ti lo oògùn aràn lẹ́ẹ̀mejì tí inú ẹ̀ ò dá, àwọn wọ̀nyí ni kẹ́ ẹ ní kí dókítà wá.

Bí ẹ ṣe máa yẹ̀ ẹ́ wò nílé

Àárọ̀ ló dáa jù, kí oòrùn tó gun orí. Ẹ ká ètè ajá yín sókè báyìí tí ara ẹ̀ dá, kẹ́ ẹ mọ bí erìgì ẹ̀ ṣe ń rí, torí ti àwọn ajá kan dúdú láti ilé wá, ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ ni kẹ́ ẹ fà wálẹ̀ kẹ́ ẹ wo inú ẹ̀ fún irú wọn. Ẹ fi ìka tẹ erìgì, á funfun, ẹ gbé ìka kúrò, kí ẹ tó ka ení èjì ó yẹ kó ti pupa padà. Tó bá pẹ́, tàbí tó jẹ́ pé ó ti funfun kẹ́ ẹ tó tẹ̀ ẹ́, ọjọ́ náà gan-an ni kẹ́ ẹ gbé e lọ bá dókítà, oògùn aràn nìkan ò ní tó, ó lè ti nílò ẹ̀jẹ̀. Ẹ má sì gbàgbé pé ibà tí eégbọn ń kó bá ajá náà máa ń jẹ́ kí erìgì funfun, dókítà ló máa mọ èwo nínú méjèèjì.

Lẹ́yìn ìyẹn ẹ wo ìgbẹ́. Ẹ fi igi tú u. Àwọ̀ ẹ̀ ńkọ́, ṣé ó dúdú, ṣé ikun wà lára ẹ̀, ṣé nǹkan ń mira níbẹ̀? Ẹ wo ìdí ajá. Ajá tó ń wọ́ ìdí nílẹ̀ lè ní tapeworm, ó sì lè jẹ́ pé àpò kékeré méjì tó wà létí ihò ìdí ẹ̀ ló kún.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ lọ ṣe àyẹ̀wò, ìgbẹ́ òní ni kẹ́ ẹ gbé, kó tó orí àtàǹpàkò, kẹ́ ẹ mú u láti òkè níbi tí iyanrìn ò kàn, torí iyanrìn náà ní àwọn aràn tiẹ̀ tó lè dà wọ́n lójú rú. Ẹ dì í sínú náílọ́ọ̀nù, má jẹ̀ẹ́ kí oòrùn pa á, kó dé láàbù lọ́jọ́ yẹn. Wọ́n á fi omi iyọ̀ tàbí omi ṣúgà tó ki pò ó, ẹyin aràn á léfòó, wọ́n á gbé e sábẹ́ máíkíróskóòpù. Ẹyin tapeworm kì í sábà jáde lọ́nà yìí, torí náà tẹ́ ẹ bá ti fojú rí hóró ìrẹsì lára ajá yín ẹ sọ fún wọn, kẹ́ ẹ má jẹ́ kí èsì tó ní kò sí nǹkan tàn yín.

Oògùn

Ẹ kọ́kọ́ wọn ajá. Mo rí àwọn tó ń fojú díwọ̀n, ajá kílò 30 wọ́n á fún un ní ti kílò 10, lẹ́yìn náà wọ́n á ní oògùn yẹn kì í ṣe ojúlówó. Ẹ gun síkéèlì lẹ́yin nìkan, ẹ wo iye ẹ̀, ẹ gbé ajá mọ́ra kẹ́ ẹ tún gùn ún, ẹ yọ ti àkọ́kọ́ kúrò nínú ti ìkejì. Èmi 71, èmi àti Bingo 96, Bingo jẹ́ kílò 25. Ọmọ ajá, síkéèlì tí wọ́n fi ń wọn ìyẹ̀fun ló dáa fún un.

Ẹ má wo orúkọ tó wà níwájú páálí, ẹ wo ohun tó wà nínú ẹ̀ tí wọ́n kọ wẹ́wẹ́ sẹ́yìn. Pyrantel ń pa roundworm àti hookworm, òun ni wọ́n sábà máa ń fún ọmọ kéékèèké ní síróòpù, kò pa whipworm, kò pa tapeworm. Praziquantel, tapeworm nìkan ni tiẹ̀. Fenbendazole ń pa roundworm, hookworm àti whipworm, ó sì ń ran Giardia, mílígíráàmù 50 fún kílò kan, ọjọ́ mẹ́ta léraléra, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Hóró kan wà tó wọ́pọ̀ tó kó mẹ́ta pọ̀, praziquantel 50, pyrantel 144, febantel 150, hóró kan fún kílò 10, ìyẹn kárí gbogbo aràn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí mo kà. Ọmọ ajá àti ajá tó lóyún, dókítà ni kó sọ èyí tí wọ́n máa lò. Síróòpù ọmọ ajá, síríńjì tí ẹ ti yọ abẹ́rẹ́ ẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi wọ̀n ọ́n, ẹ fi sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu, ẹ máa tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, ẹ má gbé orí ẹ̀ sókè jù kó má bàa gba ọ̀nà ọ̀fun òdì.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì ẹ tún un ṣe. Àwọn àgbà aràn tó wà nínú ìfun ni oògùn ń pa, àwọn kékeré tó ṣì ń rìn nínú ara ò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ fún un, tó bá fi máa di ọ̀sẹ̀ méjì wọ́n á ti dé. Ẹ má bẹ̀rù tẹ́ ẹ bá rí aràn tó ń jáde lọ́jọ́ kejì, ẹ má sì sọ pé oògùn ò ṣiṣẹ́ tẹ́ ẹ ò bá rí nǹkan kan, tapeworm sábà máa ń yọ́ sínú lọ́hùn-ún ni.

Abẹ́rẹ́ ivermectin tí wọ́n fi ń gún màlúù, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gún ajá yín ní i lẹ́nu géètì. Ó le fún ajá, iye tó yẹ fún un kéré débi pé àṣìṣe bíńtín á ti pọ̀ jù, àwọn ìran ajá kan bíi collie sì wà tí ara wọn ò gbà á rárá, àwọn Alsatian kan náà wà níbẹ̀. Ajá á máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ojú ẹ̀ á fọ́, ó lè má jí mọ́. Pẹ̀lú gbogbo ìyẹn, kò pa tapeworm. Levamisole tí wọ́n ń fún adìyẹ àti ewúrẹ́ náà, ẹ fi sílẹ̀ fún adìyẹ àti ewúrẹ́.

Alùbọ́sà àti ááyù tí àwọn kan ń gún fún ajá pé ó ń lé aràn, ẹ̀jẹ̀ ajá ló ń fọ́. Ajá tí hookworm ti ń mu ẹ̀jẹ̀ ẹ̀, kẹ́ ẹ tún wá fi alùbọ́sà fọ́ èyí tó kù, áà, ó dùn mí púpọ̀ nígbàkigbà tí mo bá gbọ́ ọ. Kẹrosíìnì náà, ẹ má dà á sí ajá lẹ́nu rárá, ẹ̀dọ̀fóró ló ń bà jẹ́.

Ajá kọ̀ọ̀kan àti ibi tó ń gbé

Ajá inú ilé, èyí tó jẹ́ pé tó bá jáde náà ẹ jọ jáde ni, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù mẹ́ta tó fún un. Flea ni kẹ́ ẹ máa ṣọ́. Ibùsùn ẹ̀, ẹ fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́ kẹ́ ẹ sá a sóòrùn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, torí ọmọ flea kì í gbé ara ajá, inú aṣọ àti kápẹ́ẹ̀tì ló wà, tẹ́ ẹ bá fọ ajá nìkan ẹ ò tíì ṣe nǹkan kan.

Ajá inú kọ́ńpáùn ni tiwa jù ní Ìkòròdú níbí. Iyanrìn ni ilẹ̀ ọ̀pọ̀ ilé, òjò wa pọ̀, ìgbà tó bá sì rọ̀ láti oṣù kẹrin lọ ilẹ̀ tó wà lábẹ́ igi kì í gbẹ, irú ilẹ̀ yẹn gan-an ni hookworm ń wá: iyanrìn, omi díẹ̀, òjìji. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níhà Bayeku àti Ijede létí ọ̀sà tí ilẹ̀ yín ń sunmi, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù mẹ́ta lè má tó yín lásìkò òjò, ẹ ṣe àyẹ̀wò ìgbẹ́ lẹ́yìn oṣù kan àtààbọ̀ kẹ́ ẹ wo bó ṣe ń padà sí. Ẹ tẹ́ pákó tàbí páálẹ́ẹ̀tì fún ajá sùn, kó ga nílẹ̀ díẹ̀, kí ikùn ẹ̀ má máa kan iyanrìn.

Ajá orí ṣéènì àti ajá kéèjì ló ń jìyà jù. Ibi tó ń jẹ ló ń sùn, ibẹ̀ náà ló ń yàgbẹ́ sí, ẹsẹ̀ ara ẹ̀ ló fi ń tẹ ẹyin aràn mọ́lẹ̀, ahọ́n ara ẹ̀ ló fi ń lá a padà. Mo mọ ajá kan tí wọ́n so sẹ́yìn géètì fún ọdún mẹ́rin, wọ́n ń fún un lóògùn déédéé o, oògùn tó dáa, ó sì ń rù. Whipworm ni. Bí oògùn bá ṣe ń kó o kúrò níkùn ló ń tún un gbé mì nílẹ̀ yẹn. Ìgbà tí wọ́n gbé e kúrò níbẹ̀ lọ sórí kọnkéré ní apá kejì ilé, tí wọ́n sì lo fenbendazole ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n tún un ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n tún ṣe é lóṣù kẹta, ìgbà yẹn lara ẹ̀ tó padà. Tẹ́ ẹ bá gbọ́dọ̀ so ajá, ẹ máa pa ojú ibi tẹ́ ẹ ń so ó dà, ẹ má so ó síbi tó ti yàgbẹ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bímọ ajá tà, oògùn ọmọ láti ọ̀sẹ̀ méjì ni, mo ti sọ ọ́. Ẹ fi kún un pé kí abọ́ omi máa kúrò nílẹ̀, kẹ́ ẹ máa dà á nù kẹ́ ẹ máa fọ̀ ọ́ lójoojúmọ́, kí àwọn ọmọ tuntun má wọ àyè tí àwọn ọmọ àtijọ́ ti yàgbẹ́ sí láìjẹ́ pé ẹ ti fi omi tó ń hó dà á káàkiri. Ẹni tó bá ra ọmọ lọ́wọ́ yín, ẹ kọ ọjọ́ oògùn ẹ̀ fún un.

Ajá tó ń rìn kiri, ti mẹkáníìkì, ti sáìtì, ekuke àdúgbò tí gbogbo ilé ń fún lóúnjẹ, àwọn tó ń sún mọ́ odò ẹran láàárọ̀ kí wọ́n lè rí ìfun àti fùkù he, gbogbo aràn ni wọ́n lè ní. Lóṣooṣù ló yẹ kí wọ́n lò ó, praziquantel gbọ́dọ̀ wà nínú ẹ̀. Ti ẹran tútù tí mo ní mo ń bọ̀ lórí ẹ̀ nìyí: tẹ́ ẹ bá rí àpò omi kéékèèké lára ẹ̀dọ̀ tàbí fùkù màlúù tàbí ewúrẹ́, ọmọ tapeworm lè wà nínú ẹ̀. Ẹ má jù ú sí ajá, ẹ sun ún tàbí kẹ́ ẹ rì í mọ́lẹ̀ jìn dáadáa. Ọ̀kan nínú irú tapeworm yìí, Echinococcus, kékeré débi pé ẹ ò lè rí i lára ajá, ẹyin ẹ̀ tó bá sì wọ ẹnu èèyàn, irú àpò omi yẹn náà ló ń hù sí ẹ̀dọ̀ èèyàn. Ìfun àti fùkù tẹ́ ẹ bá fẹ́ fún ajá, ẹ sè é kó jinná dénú. Ẹ̀yin ọdẹ ọ̀nà Imota àti Agbowa, mo mọ̀ pé ajá tó bá lé ẹran fún yín, tiẹ̀ ò gbọ́dọ̀ gbẹ́yìn, ẹ fún un ní tiẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ gbé e kaná ná.

Ilẹ̀

Oògùn ò lè ṣe iṣẹ́ ṣọ́bìrì. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò ẹ̀. Ẹyin hookworm tó bá ìgbẹ́ bọ́ sílẹ̀ lónìí, láàárín ọjọ́ kan sí méjì ó ti pa, nígbà tó bá fi máa tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan ọmọ ẹ̀ ti ṣetán láti wọ ara ajá míì. Ẹyin roundworm ní tiẹ̀ máa ń lo ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin kó tó lè ranni. Ìyẹn ni pé ìgbẹ́ òní tí ẹ bá kó lónìí, kò tíì ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Èyí tẹ́ ẹ fi sílẹ̀ di Sátidé nítorí Sátidé lẹ máa ń gbálẹ̀, ó ti wọnú iyanrìn lọ. Ojoojúmọ́ ni, kódà tójò bá ń rọ̀ pàápàá ló yẹ kẹ́ ẹ yára, torí òjò á tú u ká, adìyẹ á sì fi ẹsẹ̀ tàn án.

Náílọ́ọ̀nù ni kẹ́ ẹ kó o sí, kẹ́ ẹ so ó, kó bá ìdọ̀tí lọ. Ẹ má kó o sí ìdí ebè ẹ̀fọ́ pé ajílẹ̀ ni, ẹ má sì gbá a sí gọ́tà tó ń ṣàn kọjá níwájú ilé ẹlòmíì. Ẹ gé ẹ̀ka igi díẹ̀ kí oòrùn lè dé ilẹ̀, oòrùn àti ilẹ̀ gbígbẹ ń pa ọmọ hookworm. Ẹyin roundworm àti whipworm ò bẹ̀rù ìyẹn tó bẹ́ẹ̀, bílíìṣì ò sì pa ti roundworm, òórùn ẹ̀ ló kàn ń jẹ́ ká rò pé ilẹ̀ ti mọ́. Lórí kọnkéré, ẹ há ìgbẹ́ kúrò, ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ẹ wá da omi tó ń hó sí i. Lórí iyanrìn tó ti bàjẹ́ fún ọdún púpọ̀, ẹ wa òkè ẹ̀ kúrò kẹ́ ẹ da tuntun sí i, tàbí kẹ́ ẹ dà á ní kọnkéré kẹ́ ẹ jẹ́ kó dagun kí omi lè ṣàn kúrò.

Àwọn ọmọ wa náà orí iyanrìn yẹn ni wọ́n ń ṣeré. Ọmọ hookworm ajá lè wọ àtẹ́lẹsẹ̀ ọmọdé tí kò wọ bàtà, ẹ máa rí ìlà pupa tó ń lọ kọ́lọkọ̀lọ lábẹ́ awọ ara, tó ń yún un gan-an, tó sì ń sún síwájú lójoojúmọ́. Ẹyin roundworm ní tiẹ̀, ọwọ́ tí wọ́n fi ṣeré nílẹ̀ tí wọ́n fi jẹun ló ń gbà wọlé, ó lè rìn dé ẹ̀dọ̀, ó lè dé ojú. Bàtà, ọwọ́ fífọ̀ kí wọ́n tó jẹun, ilé ìwòsàn tẹ́ ẹ bá rí ìlà yẹn. Ẹ má torí ẹ̀ ta ajá dànù, ẹ tọ́jú ajá.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù tí mi ò lè fò. Ọmọ ajá tó ń bì, tó ń yàgbẹ́ omi tó lẹ́jẹ̀ nínú tó sì ń rùn burúkú, tí kò jẹun mọ́, ẹ má jókòó sílé máa wá oògùn aràn o. Parvo lè ni, àrùn fáírọ́ọ̀sì tó ń pa ọmọ ajá, ìyẹn sì yára ju aràn lọ. Ọjọ́ yẹn náà ni kẹ́ ẹ gbé e lọ. Tí dókítà àdúgbò bá ní agbára òun ò ká a, ilé ìwòsàn ẹranko wà ní FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà l'Abẹ́òkúta, ó wà ní Yunifásítì Ìbàdàn náà.

Èmi lẹ ìwé kan mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn kíṣìnnì, mo fa ìlà sí i: orúkọ ajá, kílò, ọjọ́, oògùn, ohun tí mo rí nínú ìgbẹ́ ọjọ́ kejì. Ìlà tó kẹ́yìn báyìí ni ti Bingo, kílò 25, hóró méjì ààbọ̀, ìgbẹ́ ẹ̀ mọ́. Tanímọ̀la ló kàn lọ́jọ́ Sátidé, mo sì máa tún gbé e gun síkéèlì ná kí n tó já oògùn ẹ̀, torí ó ti sanra sí i láti ìgbà tó gba ọmú lẹ́nu àwọn ọmọ ẹ̀.